Ẹran Itan Urho Kettula

Àga kan ló wà láàárín yàrá, àga tí kò lápá.
"Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ dìde, ẹ jókòó,
lẹ́ẹ̀marùn-ún." Èmi ni mo mú aago dání.
Urho Kettula, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin,
tó fi ìgbà èwe rẹ̀ da gẹdú lórí odò,
tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí ìtì igi nínú omi
bí ẹní ń yí ọmọ lórí ẹní,
dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dìde lẹ́ẹ̀mejì;
lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀.
Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlélógún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Lójú fèrèsé, adágún Kuopio ti dì gbagidi,
ẹnìkan ń rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú ajá.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Èmi, ẹ̀gbẹ́ ni mo ń wò,
ẹ̀gbẹ́ itan, níbi tí abẹ́rẹ́ mi máa wọ̀.
Mo pa ara ibẹ̀ kú, mo bu ẹran díẹ̀,
kò ju hóró ìrẹsì mẹ́ta lọ.
"Ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi sè ni, Säde?"
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́.

Lábẹ́ maikirosikóòpù, iṣan ọ̀dọ́
dà bí igi ìdáná tí a tò ṣìkìtìṣìkìtì,
èèrà kò ráyè gbà kọjá.
Ti Urho ti gbẹ níbìkan, ó ti rún níbòmíràn,
ọ̀rá sì ti wọ àárín wọn
bí ayálégbé tí kì í san owó ilé.
Ṣùgbọ́n létí fọ́nrán, lábẹ́ ìwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan,
sẹ́ẹ̀lì kékeré kan sùn.
Ọjọ́ tí iṣan bá ya ló ń jí.
Á pín sí méjì:
ọ̀kan á lọ síbi tó ya, á yọ́ ara rẹ̀ sínú ọgbẹ́,
èkejì á padà sórí ibùsùn, nítorí ọ̀la.
Lára àgbà, wọn kò pọ̀ mọ́.
Òmíràn gbọ́ ìpè, ó yíra padà.
Òmíràn jí, àpá ti gba ipò rẹ̀.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń béèrè
ta ló ń jí wọn, kí ló sé e lóhùn.
Firísà mi kún fún ìgò tó ní nọ́ńbà, tí kò lórúkọ.

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀, Urho ń wá gbé irin.
Irin a máa ya iṣan díẹ̀, kí oorun lè dá lójú ẹni tó sùn.
Kò bi mí ní sáyẹ́ǹsì kankan.
"Kaarina ò lè dìde mọ́," ló wí.
"Àjèjì méjì ló ń wá gbé e láàárọ̀.
Mo fẹ́ máa gbé e fúnra mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, a kò rí i lọ́jọ́bọ̀.
Ọjọ́ Ajé, ó wọlé, yìnyín lórí fìlà.
"Ó lọ lọ́jọ́rú."
Ó jókòó, ó ń tú okùn bàtà, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ẹran òun han òun.
Mo gbé àwòrán rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà.
"Èwo nínú wọn ló gbé Kaarina wọlé
lọ́dún tí a fẹ́ra?"
N kì í búra lórí ohun tí n kò wọ̀n.
Mo ní: awọ ń bọ́, ẹ̀jẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀,
ṣùgbọ́n fọ́nrán iṣan a máa pẹ́ lára ẹni.
Ó ṣeé ṣe.
Ó tẹjú mọ́ ọn títí iná ojú ẹ̀rọ fi kú,
mo tún tàn án.
Ó fi ìka kan gíláàsì:
"Eléyìí."
Ọ̀kan nínú àwọn tó rún ni.

Lẹ́yìn náà: "Kílò mélòó ni tòní?"